Ilé Ẹ̀yìnkùlé Tó Di Ibi Iṣẹ́

Ilé ẹ̀yìnkùlé ni ilé kékeré tó dá dúró lẹ́yìn ilé ńlá, nínú ọgbà kan náà, tí àwọn méjèèjì sì ń gba géètì kan náà wọlé. Ó lè jẹ́ bọ́ìskọ́tà oníyàrá méjì, ó lè jẹ́ gáréèjì tí kò sí ọkọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, ó sì lè jẹ́ ilé ìdáná àtijọ́ tàbí yàrá tí wọ́n kọ́ fún ọlọ́dẹ. Ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló kún fún ìwé tí ikán ń jẹ, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ àti àga tó ti kán lẹ́sẹ̀. Ládùúgbò kan náà, aránṣọ, fọtógíráfà, oníkéèkì àti ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí ṣiṣẹ́. Fífi ilé ẹ̀yìnkùlé háyà fún irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń sùn níbẹ̀, jẹ́ ọ̀nà kan tí onílé lè gbà fi owó díẹ̀ kún owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ilé gbígbé tí wọ́n fi rẹ́ǹtì ni pé onílé kò kúrò ní tòsí. Òun àti ayálégbé jọ ń gba ọ̀nà kan, wọ́n jọ ń lo iná, wọ́n jọ ń fa omi, etí wọn sì jọ ń gbọ́ ariwo ara wọn. Bí wọ́n bá ṣe pín nǹkan mẹ́rin yìí ló máa sọ bóyá owó náà á pẹ́ tàbí kò ní pẹ́. Ògiri àti òrùlé kò kó ipa tó bẹ́ẹ̀.

Kí iṣẹ́ máa wáyé nínú ọgbà ilé kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nínú agboolé àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń gba àlejò náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ń gbé òfì olóòró wọn ti ara ògiri ilé, àwọn ọkùnrin sì ń na òwú tiwọn gbọọrọ síta gbangba, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ìsẹ́yìn títí di òní. Ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró àwọn aládìrẹ máa ń wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ló ń lo gbogbo ibẹ̀, tàbí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ti di ọmọ ilé, kò sì sí ẹni tó ń san owó àyè.

Ìgbà ìjọba òyìnbó ni bọ́ìskọ́tà dé. Ní àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún àwọn aláṣẹ, irú bí Ìkòyí, ilé ńlá wà níwájú, ilé ìdáná àti yàrá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà lẹ́yìn, kí èéfín àti ariwo má bàa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tiwọn, wọ́n mú àwòrán kan náà lò. Ní Èkó, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, láti tún ìlú náà ṣe ló kó ọ̀pọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè láti ọdún 1955. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìkọ́lé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, ló kọ́ Bódìjà. Ilé gbígbé nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn ní àdúgbò méjèèjì. Lónìí, ẹni tó bá gba òpópónà ńlá Bódìjà kọjá á rí i pé ilé ìfowópamọ́, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ti gba iwájú ọ̀pọ̀ ilé náà. Àwọn tó wà ní òpópónà inú kò rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé inú bọ́ìskọ́tà àwọn olùkọ́, nítorí náà kì í ṣe tuntun fún àlejò láti máa san owó fún yàrá ẹ̀yìn. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé oníṣẹ́ ló ń wá a báyìí.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá a kò fara sin. Àrùn kòrónà ọdún 2020 kọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ láìwá sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, ẹni tó ń ti Ìkòròdù tàbí Àgbádó wọ Èkó lójoojúmọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé rẹ̀. Àyípadà kan tún wà nínú ọ̀ràn oníbàárà. Láyé ọjọ́un, aránṣọ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù létí títì kò lè rí iṣẹ́ tó pọ̀. Nísinsìnyí, orí fóònù ni oníbàárà ti ń rí iṣẹ́ rẹ̀, ìsọfúnni WhatsApp ló sì fi ń júwe ọ̀nà fún un. Àyè etí títì tó wọ́n gógó kò pọn dandan fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Yàrá tútù kan tó ní iná tó ṣeé gbọ́kàn lé ti tó o. Àwọn ilé àjùmọ̀lò bí CcHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 2011, ti jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé èèyàn lè san owó tábìlì àti íntánẹ́ẹ̀tì láìháyà odindi ọ́fíìsì.

Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù lọ ti Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 1998, Susan Wojcicki ra ilé kan ní Menlo Park ní ìpínlẹ̀ California, owó ilé náà sì wúwo lọ́rùn rẹ̀. Ó fi gáréèjì rẹ̀ háyà fún ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Larry Page àti Sergey Brin, ní 1,700 dọ́là lóṣù, kí ó lè fi san gbèsè ilé. Inú gáréèjì yẹn ni Google ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́. Wojcicki fúnra rẹ̀ di òṣìṣẹ́ wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì di ọ̀gá YouTube lẹ́yìn náà. Kò yẹ kí onílé kankan máa retí irú oríire yẹn. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni pé gbèsè ilé ló sún obìnrin náà dé ìdí rẹ̀, àti pé ó mọ iye tó fẹ́ gbà lóṣù kó tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Nínú nǹkan mẹ́rin tí onílé àti ayálégbé jọ ń pín, ọ̀nà ló yẹ kí onílé kọ́kọ́ rò. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà níbùú, ọgọ́fà lóòró. Bí bọ́ìskọ́tà bá wà ní ìparí rẹ̀, oníbàárà á rin nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó tó débẹ̀, á kọjá lójú fèrèsé yàrá, á kọjá níbi tí wọ́n sá aṣọ sí, bóyá níbi tí ajá wà. Aránṣọ tó ní oníbàárà mẹ́wàá lóòjọ́ ń mú ẹni mẹ́wàá tí onílé kò mọ̀ rí gba ibẹ̀. Bí ilé bá wà ní kọ́nà, géètì kékeré tí wọ́n là sí ara ògiri ẹ̀gbẹ́ ló dára jù, owó tí yóò sì ná onílé kò tó ìnira tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ní kọ́nà, kí wọ́n ya ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ògiri, kí wọ́n tẹ́ ẹ ní búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì fi òdòdó tàbí ògiri kúkúrú pààlà rẹ̀ sí ojúde ilé. Aago tí géètì máa ṣí àti aago tí yóò tì gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi.

Iná ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lóòjọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Iye tó wà lónìí lè ti yí padà, àmọ́ ₦225 yẹn ṣeé fi ṣe ìṣirò. Láptọ́ọ̀pù kan tó ń jẹ wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́jọ kò jẹ tó ìdajì yúnìtì lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí ₦108. Ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú oṣù, ₦2,808 ni. Áyọ́ọ̀nù aránṣọ tó ń jẹ wáàtì 1,000, tó sì ń gbóná fún wákàtí mẹ́ta, ń jẹ yúnìtì mẹ́ta lóòjọ́, èyí tí í ṣe ₦675. Lóṣù, ó di ₦17,550, láìtíì ka máṣíìnì, fáànù àti gílóòbù. Bí onílé bá sọ fún àwọn méjèèjì pé “iná wà nínú owó ilé”, ó ti fi ohun tó lé ní ₦14,000 lóṣù ta aránṣọ lọ́rẹ láìmọ̀. Bó bá ní kí wọ́n máa dá owó iná dọ́gba, oníkọ̀ǹpútà ló ń san owó áyọ́ọ̀nù aránṣọ. Mítà ló lè yanjú ọ̀ràn yìí. Mítà tí iléeṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ gbé wá ló dára jù. Bí ìyẹn bá pẹ́, kí oníṣẹ́ iná so mítà kékeré mọ́ ilé ẹ̀yìn, kí onílé àti ayálégbé jọ kà á ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan tí àwọn méjèèjì ń fọwọ́ sí. Iye tí onílé fi ra iná ni kó tà á. Èrè tó bá bu lé e lórí ló máa ń ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́, nítorí ayálégbé náà mọ iye tí wọ́n ń ta yúnìtì.

Wáyà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ bọ́ìskọ́tà, gílóòbù kan àti fáànù kan ni wọ́n fa iná fún nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìgbẹrun onídìrí tàbí ààrò oníkéèkì lórí irú wáyà yẹn jẹ́ ewu iná gidi. Kí onílé jẹ́ kí wọ́n fa wáyà tuntun tó nípọn láti ibi pákó iná ilé ńlá, kí ó ní bíréékà tirẹ̀, kí àbùkù ẹ̀yìn má bàa pa iná iwájú. Bí jẹnẹrétọ̀ bá máa wà, ibi gbangba tó jìnnà sí gbogbo fèrèsé ni kí wọ́n gbé e sí. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Gbogbo ọdún ni ìròyìn irú ikú bẹ́ẹ̀ ń jáde, ọ̀nà tó wà láàárín ilé méjì tí ògiri ká mọ́ sì ni ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ìnfátà dára fún oníṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ fúyẹ́. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, ń gba iná tó dín díẹ̀ sí yúnìtì méjì àbọ̀. Bí wọn ò bá sì fẹ́ kí ó tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni kí wọ́n lò. Ìdajì yẹn máa gbé láptọ́ọ̀pù, fáànù àti gílóòbù kan fún odindi ọjọ́ iṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù á jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà ń fọwọ́, ó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Onídìrí àti alágbàfọ̀ ń tú táńkì gbẹ. Tí omi bá jẹ́ ti kànga ẹlẹ́rọ, owó iná ẹ̀rọ náà jẹ́ ara owó omi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀tọ̀ pọn dandan, nítorí kò sí onílé tó máa fara mọ́ kí oníbàárà àjèjì máa wọlé wá lo tirẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìsọ̀rọ̀.

Ariwo, tó jẹ́ ìkẹrin, ló ń fi ẹni tó yẹ kí onílé gbà hàn. Iṣẹ́ tó bá ilé ẹ̀yìnkùlé mu ni iṣẹ́ tí ògiri kan lè bò: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó, àwòrán yíyà, aṣọ rírán tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹni méjì lọ, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ díẹ̀, ibi tí ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa kó ẹrù rẹ̀ sí. Wẹ́dà, káfíńtà oníẹ̀rọ ńlá àti ẹni tó ń rọ gáàsì ìdáná kò yẹ ní ọgbà tí ọmọ ń sùn, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san. Ti ẹni tó ń rọ gáàsì tilẹ̀ ju ọ̀ràn ariwo lọ, nítorí ẹ̀mí gbogbo àdúgbò ló wà nínú rẹ̀. Ilé àdúrà pẹ̀lú máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjọ ẹni mẹ́wàá, kó tó di ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìṣọ́ òru. Kí onílé má tijú láti béèrè ẹ̀rọ tí ẹni tó ń bọ̀ máa lò, iye èèyàn tí yóò máa wá lọ́jọ́ kan, àti aago tó máa ń parí iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa máa dáhùn kíákíá.

Títún yàrá náà ṣe kì í sábà gba owó ńlá bí òrùlé bá ṣì le. Ooru ni olórí ọ̀tá. Páànù tí kò ní sílíìnì lábẹ́ rẹ̀ máa ń sọ yàrá di ààrò láti aago mọ́kànlá àárọ̀, kò sì sí oníṣẹ́ tó máa pẹ́ níbẹ̀. Sílíìnì, fèrèsé ní ògiri méjì tó kọjú síra kí atẹ́gùn lè wọlé kó sì jáde, àti igi tó ń ṣíji bo ìhà ìwọ̀-oòrùn máa ń dín ooru náà kù gan-an. Igi furúùtù kan tó ti dàgbà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ọrọ̀, kò yẹ kí wọ́n gé e tìtorí ewé tó ń já sílẹ̀. Lẹ́yìn ooru, ọ̀rinrin tó ń ti ìpìlẹ̀ gun ògiri ló kàn, nítorí ó ń ba aṣọ àti ẹ̀rọ jẹ́. Ilẹ̀kùn tó le, irin ojú fèrèsé àti kọ́kọ́rọ́ tí ẹlòmíràn kò ní ẹ̀dà rẹ̀ ló kù. Ọ̀dà funfun yóò sì jẹ́ kí fọtógíráfà àti aránṣọ rí iṣẹ́ wọn kedere.

Kí owó tó wọlé, ó yẹ kí onílé mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilé náà háyà. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Nínú òfin àṣà tí àwọn ilé-ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ohun ìní ẹbí tí wọ́n fún àlejò láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Èyí tí olórí ẹbí sì dá ṣe láìbá àwọn àgbà tó dúró fún ìdí kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ṣì wà lábẹ́ ewu pé ilé-ẹjọ́ lè yí i padà. Èyí tó ń gbé inú ilé lára àwọn ọmọ ló sábà máa ń gba owó bọ́ìskọ́tà, àwọn tó wà ní òkè òkun a sì gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ìpàdé ọ̀sán kan, tí wọ́n kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀, ì bá ti gba gbogbo wọn lọ́wọ́ ẹjọ́.

Bí ilé bá tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan, ìwé ilẹ̀ rẹ̀ máa ń sọ ohun tí ilẹ̀ náà wà fún. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì kọ ọ́ pé ilé gbígbé ni. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yíyí ilé gbígbé padà sí ibi ìṣòwò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí ètò ìlú. Ẹnì kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kò yí ìrísí ilé padà. Pátákó létí géètì, oníbàárà tó ń to ọkọ̀ sójú ọ̀nà àti ẹ̀rọ tó ń dún ló máa ń mú aládùúgbò lọ fẹjọ́ sùn. Pátákó náà ní owó tirẹ̀, nítorí àjọ kan wà ní Èkó, LASAA, tó ń ṣàkóso pátákó ìpolówó láti ọdún 2006. Ibi ìṣòwò sì ń san owó ilé fún ìjọba ìpínlẹ̀ ju ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé lọ. Kí onílé lọ béèrè iye náà kó tó dá owó ilé.

Ní ti àdéhùn, Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kan ibi iṣẹ́ bó ṣe kan ilé gbígbé, àyàfi ní Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Òfin náà kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, tàbí ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti wà níbẹ̀ tó ń san owó lóṣooṣù. Onílé gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì. Bí kò bá sí ohun mìíràn nínú àdéhùn, ẹni tó ń san owó lóṣooṣù lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìjáde oṣù kan, ẹni tó ń san án lọ́dọọdún sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ti oṣù mẹ́fà. Owó ìtọ́jú ilé tí onílé bá gbà lọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó ṣírò rẹ̀ fún ayálégbé ní gbogbo oṣù mẹ́fà. Ẹ̀tọ́ kan wà níbẹ̀ tí onílé tó ń gbé iwájú máa ń gbàgbé: ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàáfíà àti àṣírí nínú yàrá tó san owó rẹ̀. Pé bọ́ìskọ́tà wà nínú ọgbà onílé kò sọ pé kó máa ṣílẹ̀kùn wọ ibẹ̀ nígbà tó bá wù ú, tàbí kó máa rán ọmọ lọ mú ìgbálẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ mìíràn ní òfin tirẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ará Ìbàdàn gba ìwé àdéhùn ará Èkó kó kàn pa orúkọ ìlú rẹ́.

Fún ilé ẹ̀yìnkùlé, owó oṣooṣù sàn ju owó ọdọọdún lọ ní ọdún àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onílé fẹ́ kí owó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni méjì tí kò tíì mọ ìwà ara wọn ló fẹ́ máa pàdé lójoojúmọ́; bí wọn kò bá lè bára wọn gbé, ìwé ìjáde oṣù kan ló máa tú wọn ká. Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà fẹ́ràn: kí onílé má fi yàrá háyà rárá, kó ta àyè tábìlì lóòjọ́, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ra àyè ọjọ́ kan kò gba yàrá sábẹ́ àkóso rẹ̀, kò sì sábà ní irú ẹ̀tọ́ tí ayálégbé ní. Àmọ́ iṣẹ́ ni fún onílé: òun ló máa gbálẹ̀, òun ló máa tan iná, òun ló máa sanwó íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ wá.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú ilé kan náà ní àwọ̀ mìíràn, ìyẹn ilé pákó ìparí ọgbà. Òfin ibẹ̀ gba onílé láyè láti kọ́ ọ láìgba àṣẹ káńsù, tí kò bá ní òkè, tí gíga rẹ̀ kò ju mítà 2.5 lọ bó bá wà láàárín mítà méjì sí ààlà, tí òun àti àwọn àfikún mìíràn kò sì gba ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé ká lọ. Àmọ́ ohun tí ìgbádùn ará ilé fúnra wọn béèrè ni àyè yẹn wà fún. Bí àlejò bá ń sanwó láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìlò ti yàtọ̀, onílé sì lè nílò àṣẹ. Wọ́n tún máa ń ṣi ètò kan lò níbẹ̀: £7,500 tí onílé lè gbà lọ́dún láìsan owó orí lórí yàrá tó fi háyà wà fún ẹni tó ń gbé nínú ilé rẹ̀, kò kan ọ́fíìsì. £1,000 tí wọ́n yọ kúrò lábẹ́ owó orí nínú owó tó ń wọlé láti ara ohun ìní ni èyí tó lè kan ilé ẹ̀yìnkùlé. Ayálégbé oníṣòwò tó bá sì pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ lè lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sí i lábẹ́ òfin ọdún 1954, àyàfi bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀tọ́ yẹn kúrò bí òfin ṣe là á sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Báńkì tó yá onílé lówó àti iléeṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i pẹ̀lú.

Ìṣirò èrè níbi gbogbo gbọ́dọ̀ ka oṣù tí yàrá máa ṣófo. Ká ní onílé kan ná ₦900,000 lórí sílíìnì, wáyà, mítà, ilẹ̀kùn àti ọ̀dà, tó sì ń gba ₦50,000 lóṣù. Lójú ara rẹ̀, ₦600,000 ló ń wọlé lọ́dún, owó rẹ̀ á sì padà láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ṣófo fún oṣù méjì, tí àtúnṣe gba ₦50,000, tí owó ìjọba sì gba ₦40,000, ₦410,000 ló kù, owó náà á sì gbà á ju ọdún méjì lọ kó tó padà. Kò burú fún ilé tí ikán ń jẹ tẹ́lẹ̀. Òfin owó orí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí èèyàn san owó orí lé lọ́dún, kò sì gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ní bọ́ìskọ́tà kan ṣoṣo lè má san nǹkan kan. Bí ayálégbé bá jẹ́ iléeṣẹ́, ó máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé sílẹ̀ fún ìjọba, kí onílé sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ìlò bá parí, ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fi tú u ká. Fọ́tò yàrá tí wọ́n yà ní ọjọ́ tí ayálégbé wọlé, nọ́ńbà orí mítà àti iye owó ìdógò ni wọ́n máa gbé kalẹ̀. Bí ayálégbé bá kọ̀ láti jáde, òfin Èkó kò gbà kí onílé ká páànù, kí ó já wáyà iná tàbí kí ó fi agídí lé e. Owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà ló wà fún un. Ìwé ìjáde, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọlọ́jọ́ méje tó sọ pé onílé ń lọ sílé-ẹjọ́, lẹ́yìn náà ilé-ẹjọ́, ni ọ̀nà rẹ̀. Kí ó tó dé bẹ́ẹ̀, ilé ìlàjà ìjọba tó wà ní Èkó láti ọdún 1999 ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí láìgba owó. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ túká pẹ̀lú ìrẹ́pọ̀, àwọn méjèèjì á jọ ka mítà náà fún ìgbà ìkẹyìn, ayálégbé á san yúnìtì tó kù, onílé á dá owó ìdógò padà fún un, á sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.